Ìgò Tó Kọjú Sí Ògiri

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé àwọn òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é. Bàbá Onígò ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn náà mọ̀ ọ́n sí, láti orí ọ̀gá àgbà dé orí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń tọ́jú yàrá kan ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀, yàrá tí oògùn inú rẹ̀ máa ń ta sí imú ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé tí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Imú tirẹ̀ ti gba kámú tipẹ́. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé bí òun bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ òun ti wọlé, òun kò ní láti wẹ̀yìn, kí òun ṣáà fa èémí.

Ìgò ló kún inú yàrá náà, lórí pẹpẹ tó yí ògiri mẹ́ta ká. Nínú ìgò kọ̀ọ̀kan ni ọlẹ̀ kan wà, ọmọ ènìyàn tí kò dúró dé ọjọ́ ìbí, nínú omi oògùn tí kò jẹ́ kó bàjẹ́. Èyí tó kéré jù níbẹ̀ kò ju hóró ìrẹsì kan lọ. Èyí tó dàgbà jù ti hu èékánná. Wọ́n tò wọ́n ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà lè fi ojú ara wọn rí bí ènìyàn ṣe ń di ènìyàn. Ẹ má rò pé yàrá eré ni. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín wọ ibẹ̀, Bàbá Onígò á ní kó padà síta, kó lọ rẹ́rìn-ín rẹ̀ tán kó tó wọlé. Ó ti lé ọmọ ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ síta lẹ́ẹ̀kan, ọ̀gá àgbà sì kí i kú iṣẹ́.

Gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń bu oògùn kún ìgò tí omi rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀. Á fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nu ara gbogbo wọn, á wo ìda tí wọ́n fi dí ọmọrí wọn, á wá yí ìgò kọ̀ọ̀kan títí ìmọ́lẹ̀ á fi bọ́ sórí ọwọ́ ọlẹ̀ inú rẹ̀. Ìwé mẹ́fà péré ló kà. Síbẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi àtẹ́lẹwọ́ bo bébà ara ìgò mọ́ ọn lójú, á sọ iye ọ̀sẹ̀ tí ọlẹ̀ náà jẹ́, kò sì tíì ṣì í sọ rí.

“Ẹ má wo orí,” ló máa ń wí fún wọn. “Orí ń tanni, ó máa ń tóbi ṣáájú gbogbo ara. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ máa wò. Ọlẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọwọ́ ẹ̀ ò ju kókó kékeré lọ. Tó bá di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, á tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ṣíbí, kò síka kankan níbẹ̀, ẹ ó ṣì máa rí ìrù lẹ́yìn ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ ó rí ìlà ibi tí ìka máa gbà yọ. Ọ̀sẹ̀ keje, ìka ti yọ. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó ku kẹ́ ẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.”

Ẹni tó bá gbọ́ràn sí i lẹ́nu a máa yege. Ẹni tó bá ní kí ni òṣìṣẹ́ lásán mọ̀, á bá wọn tún ìdánwò náà ṣe lẹ́yìn ìsinmi.

Ohun kan tún wà tí kò fi ń ṣeré, ìyẹn ìṣirò. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ka ọjọ́ orí oyún. Obìnrin tó lóyún, àti nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀, ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ̀ ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń kà, nítorí òun ni ọjọ́ tí wọ́n lè nàka sí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn kò tíì sí ẹnì kankan nínú ilé ọmọ. Ó di bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà kí ẹyin obìnrin tó kúrò ní ibùjókòó rẹ̀, kí àtọ̀ ọkùnrin sì pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ dà nígbà náà, kò hàn sójú. Ẹyọ kan á pín sí méjì, méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ, á máa yí lọ bẹ́ẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́fà kó tó rí ara ilé ọmọ lẹ̀ mọ́. Ọjọ́ ìpàdé yẹn ni yàrá ìgò ti ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Nítorí náà, bí ìyá bá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni, mẹ́jọ ni wọ́n á kọ sára ìgò. Kó o tó lẹ bébà, yọ méjì: òfin yàrá náà nìyẹn. Bàbá Onígò ti lẹ bébà tó lé lọ́gọ́rùn-ún, ẹyọ kan péré ni kò yọ méjì nínú rẹ̀.

Ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì nígbà tí olùkọ́ tuntun kan dé. Obìnrin ni, dókítà ni, kò sì ju ẹni tí Bàbá Onígò lè bí lọ, ṣùgbọ́n kò ní àfojúdi. Láti òkèèrè ni “Ẹ káàárọ̀, Bàbá” rẹ̀ ti máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó bá a pé ìgò ọ̀sẹ̀ karùn-ún ti sán, oògùn rẹ̀ ti jò tán, ohun inú rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Ẹ̀kọ́ lórí ọ̀sẹ̀ karùn-ún sì ń bọ̀ lọ́tùn-únla. Bàbá Onígò lọ gba oògùn ní ilé ìkẹ́rùsí. Kó tó dé, dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ pé bóyá òun á rí òmíràn.

Àkísà, ìda àti ọmọrí ìgò ló kún ibẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo wọn, ní kọ̀rọ̀ pátápátá, ìgò kékeré kan wà tí wọ́n fi ègé búláńkẹ́ẹ̀tì wé, tí wọ́n sì kọ ojú rẹ̀ sí ògiri. Nígbà tí Bàbá Onígò fi máa padà, ìgò náà ti wà lórí tábìlì ní ìhòòhò, lábẹ́ iná.

“Bàbá, ẹ wo ohun tí mo rí,” dókítà wí, inú rẹ̀ dùn. “Ọ̀sẹ̀ karùn-ún gan-an, kò sí nǹkan tó ṣe é. Àmọ́ bébà ẹ̀ ò bá a mu rárá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ta ló kọ irú eléyìí?”

“Èmi ni.”

Dókítà rò pé àwàdà ni. “Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi wí lọ́sẹ̀ tó kọjá torí pé mo fi ọjọ́ mẹ́ta ṣì í kà?”

“Ìṣirò ìyá ẹ̀ ni mo kọ. N ò yọ méjì.”

“Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ yọ méjì, méje ló kù. Eléyìí ò tó méje, Bàbá. Ẹ wo ọwọ́ ẹ̀.”

Bàbá Onígò kò wò ó. Ó gbé páálí oògùn kalẹ̀, ó mú ègé búláńkẹ́ẹ̀tì náà, ó fi bo ìgò.

“Ẹ má fi eléyìí kọ́ ẹnikẹ́ni,” ló wí. “Ọmọ mi ni.”

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn lọ̀rọ̀ náà. Ìgbéyàwó wọn kò tíì pé ọdún méjì. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Bàbá Onígò fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́, nítorí pé ó tín-ín-rín, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí ẹnu rẹ̀ kò lè gún wọ̀. Oyún àkọ́kọ́ wà nínú Abẹ́rẹ́ nígbà tí wọ́n kó lọ sí yàrá méjì kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn tó bá wọn kẹ́rù gbé bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé tábìlì, wọ́n fi maṣíìnì ìránṣọ sílẹ̀ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn pé iṣẹ́ àwọn ti parí. Maṣíìnì onírin ni, ti ayé àtijọ́, tòun tẹsẹ̀. Òjò sì ti ń ṣú. Bàbá Onígò gbé apá kan, ìyàwó rẹ̀ gbé apá kejì, wọ́n jọ gbé e gòkè.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀jẹ̀ dé. Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, Abẹ́rẹ́ ti fi ìka tọ́ kàlẹ́ńdà ara ògiri, ó ní, “Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló pé lónìí.” Kó tó di ọ̀sán, kò sóyún mọ́.

Ìyá ọkọ rẹ̀ wá kí i nílé ìwòsàn. Ó dúró ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kò jókòó. “Irin lo yàn láàyò,” ló wí. “O gbé irin, o sì gbé ọmọ mi jù nù.” Ẹyin lohùn; ìyẹn balẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó fọ́, kò sì sẹ́ni tó kó o jọ mọ́. Bàbá Onígò wà níbẹ̀, ẹni tó gbé apá kejì irin. Ẹ bi mí léèrè ohun tó sọ. Kò sọ nǹkan kan. Ó ń wo bàtà rẹ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, gbogbo ayé ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ojo ló ṣe, kò sì sí orúkọ mìíràn tí à á pe ìyẹn.

Nọ́ọ̀sì gbé abọ́ kan tí wọ́n fi aṣọ bò lé e lọ́wọ́, ó ní kó lọ rì í. Ó sì fẹ́ rì í lóòótọ́. Ó gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ọgbà ilé ẹ̀kọ́, níbi tí igi mélòó kan wà, ó dúró níbẹ̀ títí, kò lè gbẹ́lẹ̀. Ohun tí à ń ṣe kí ọlẹ̀ má bàa bàjẹ́ nìkan ló mọ̀. Kò mọ nǹkan mìíràn tí bàbá lè ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé e wọ yàrá rẹ̀. Ó yan ìgò tó dára jù, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe ń da ohun inú abọ́ náà sí i, ó rọ oògùn sí i, ó yọ́ ìda, ó dí i. Ó kọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ láàárọ̀ sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́, kò ráyè ronú nípa méjì tó yẹ kó yọ. Lọ́jọ́ kejì, ó gé etí búláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti rà sílẹ̀ de ọmọ nílé, ó mú un wá, ó fi wé e. Nígbà tí Abẹ́rẹ́ ti ilé ìwòsàn dé, ó sọ fún un pé òun rì í sábẹ́ igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Abẹ́rẹ́ kò bi í pé igi wo.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Ajé, ó ń tọ́jú ìgò yẹn gẹ́gẹ́ bó ṣe ń tọ́jú àwọn yòókù, àmọ́ ọwọ́ ló fi ń mọ̀ ọ́n, ojú rẹ̀ a máa wà níbòmíràn. Ó ń ka gbogbo ọlẹ̀ tó wà lórí pẹpẹ bí ẹni ń kàwé. Kò wo tirẹ̀ rí.

Gbogbo èyí ló sọ fún dókítà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ní ìdúró, bí ẹni ń jẹ́jọ́. Dókítà gbọ́ ọ tán. Ó tọrọ gáfárà pé òun tú ẹrù tí kì í ṣe tòun. Ó wá ń fi ìka ṣírò.

“Bàbá, ọjọ́ kẹta tẹ́ ẹ gbé maṣíìnì ló wálẹ̀?”

“Ọjọ́ kẹta.”

“Tí ìyá ẹ̀ sì ti ka ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Ṣó dá a lójú?”

“Obìnrin tó ń fi téèpù wọn aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gé e? Ó dá a lójú.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó,” dókítà wí jẹ́jẹ́. “Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ọwọ́ ni ká máa wò.”

Ó pẹ́ kó tó ṣí búláńkẹ́ẹ̀tì náà. Ó gbé ìgò lé àtẹ́lẹwọ́, ó yí i sí ìmọ́lẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe fún ti àwọn ẹlòmíràn. Ọwọ́ ọlẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ṣíbí. Kò síka kankan níbẹ̀. Ìrù rẹ̀ ṣì wà. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni, ọmọdé akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ ọ́. Mẹ́sàn-án dín méjì jẹ́ méje. Méje dín márùn-ún jẹ́ méjì. Ọmọ náà ti dáwọ́ dídàgbà dúró ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kó tó wálẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì ń gbé irin gun àtẹ̀gùn, kò sẹ́ni tó kù tí irin náà lè pa.

Bàbá Onígò wá àga, ó jókòó. Ohun tó lè gba ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù òun láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, òun ló sì kọ ojú rẹ̀ sí ògiri. Kò sunkún. Orí ìgò ni ọwọ́ rẹ̀ wà.

“Ṣé ìyá ẹ̀ mọ̀ pó wà níbí?” dókítà bi í.

“Kò mọ̀.”

“Ẹ ti gbọ́ òfin tuntun. Ìgò tí kò bá ti níwèé látọwọ́ ẹbí, wọ́n ń bọ̀ wá kó o lọ́jọ́ Ẹtì, inú kòtò kan náà ni wọ́n máa rì gbogbo ẹ̀ sí. N ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni kó tó di ọjọ́ náà. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó o mọ́ àwọn tá ò mọ ìyá wọn.”

Nígbà tó délé ní ìrọ̀lẹ́, àríyànjiyàn ló bá. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún mẹ́rin sí ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn, ti wọ oṣù kẹta oyún tirẹ̀. Akọ̀wé ni ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Nítorí oyún yìí ni Abẹ́rẹ́ fi lọ mú un kúrò nílé ọkọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, tó ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé abọ́ aṣọ tútù láti lọ sá a ni. Abẹ́rẹ́ ti já a gbà.

“Mọ́mì, mo lóyún ni, n ò sán bí ìgò Dádì,” ọmọ náà wí. “Abọ́ aṣọ lásán ni.”

“Abọ́ aṣọ ló fi ń bẹ̀rẹ̀,” Abẹ́rẹ́ dáhùn, kò wo ojú ọmọ rẹ̀. “O ò mọ ohun tí obìnrin lè fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe fún ara ẹ̀.”

Ó gbé abọ́ náà jáde fúnra rẹ̀. Bàbá Onígò ń wò ó. Ó wo maṣíìnì onírin tó wà ní igun yàrá tó ṣókùnkùn, níbi tí wọ́n gbé e sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ náà Abẹ́rẹ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún un, ó ń tan iná ní ọ̀sán gangan kó tó lè rí ojú abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ fèrèsé ńlá wà lódìkejì. Àwọn oníbàárà ti gbà á nímọ̀ràn títí ó ti sú wọn. Ó máa ń ní òun kì í bá irin ṣeré. Bàbá Onígò mọ̀ pé bí òun bá pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ di ọjọ́ Ẹtì, òun á pa á mọ́ di ọjọ́ ikú.

Ó dúró di ìgbà tí ọmọ wọn wọ yàrá lọ. “Abẹ́rẹ́, jókòó.”

“Mo ti ń jókòó látàárọ̀. Ẹ sọ̀rọ̀, Dádì.”

Ó sọ ọ́. Kò fi òwe bò ó, kò sì dá ara rẹ̀ láre. Abẹ́rẹ́ yọ téèpù kúrò lọ́rùn, ó ń ká a sọ́wọ́, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

“Ẹ ní ẹ rì í sábẹ́ igi.”

“Irọ́ ni mo pa.”

“Igi mẹ́rin ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà yẹn,” ó wí. “Tí mo bá ń kọjá, mo máa ń kí i. Torí pé n ò mọ èwo ni, gbogbo wọn ni mo máa ń kí.”

Bàbá Onígò fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó ní, “Nǹkan kan tún kù. Àmọ́ dókítà ló máa sọ ọ́ fún ẹ. Tó bá tẹnu mi jáde, o ò ní gbà á gbọ́.”

“Òótọ́ lẹ sọ níbẹ̀ yẹn,” ni Abẹ́rẹ́ fèsì. Ó dìde, ó lọ bá ọmọ rẹ̀ sùn.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ bó bá ní ẹni pàtàkì tó fẹ́ lọ rí. Ó ti ń rán aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, síbẹ̀ kò tíì wọ yàrá náà rí. Oògùn ta sí i nímú, kò nu omi ojú rẹ̀. Dókítà kúnlẹ̀ kí i, ó sì gbé àga fún un síwájú tábìlì, níbi tí ìgò kékeré náà wà, pẹ̀lú díńgí tó ń mú nǹkan tóbi.

Ó fi ojú aránṣọ wò ó pẹ́. Dókítà kò yára. Ó fi orí hàn án, ó fi ibi tí ọkàn wà hàn án, tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù kí ìyá tó mọ̀ pé òun lóyún rárá. Ó fi ọwọ́ hàn án. Ó wá gbé ìgò ọ̀sẹ̀ keje sọ̀kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní kó ka ìka rẹ̀.

“Márùn-ún,” Abẹ́rẹ́ wí.

“Bó ṣe yẹ kí tiyín rí nìyẹn, mà, lọ́jọ́ tó wálẹ̀. Tiyín ò dé ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ló dúró sí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkàn ẹ̀ ti dákẹ́, ilé ọmọ yín ni kò tíì mọ̀, ó ṣì dì í mú.”

“Kí ló dá a dúró?”

“Nígbà tí ẹyin bá pàdé àtọ̀, ìdajì ìlànà á wá látọ̀dọ̀ ìyá, ìdajì látọ̀dọ̀ bàbá, bíi bébà tẹ́ ẹ fi ń gé aṣọ. Nígbà mìíràn ègé kan á dín, tàbí kó lé. Wọ́n á gé e lọ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi débi tí kò lè ṣe é rán mọ́. Ọ̀pọ̀ oyún tó bá wálẹ̀ ní kùtùkùtù, ohun tó fà á nìyẹn. Ọjọ́ ìpàdé yẹn ló ti wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣe é.”

Abẹ́rẹ́ kò gbé ojú kúrò lórí díńgí. “Lọ́jọ́ tí mo gbé maṣíìnì?”

“Ó ti lọ, mà.”

Abẹ́rẹ́ ti díńgí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí Abẹ́rẹ́ máa yíjú, ọkọ rẹ̀ ló yí i sí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń gbé, kò pè é ní “o” rí.

“Ṣé o mọ̀?”

“N ò mọ̀. Àná ni mo tó mọ̀. N ò wò ó rí.”

“Gbogbo ìgò tó wà níbí lò ń wò.”

“Gbogbo wọn. Àfi eléyìí.”

“Kí ló dé?”

Bàbá Onígò ń wo bàtà rẹ̀. Bóyá ó rántí ibi tó ti wo bàtà bẹ́ẹ̀ rí, nítorí ó gbé ojú sókè. “Ẹ̀rù ń bà mí pé mo máa rí ibi tí irin ti bà á jẹ́.”

“Ìwọ náà gbà pé èmi ni.”

“Mo gbà pé àwa méjèèjì ni. A jọ gbé e ni.”

“A jọ gbé e,” Abẹ́rẹ́ wí. “Èmi nìkan ni wọ́n bá wí.”

Dókítà ti kọjú sí fèrèsé, ó ń ṣe bí ẹni ń wá nǹkan. Ó mú ìwé òfin tuntun náà jáde nígbà tó yá, ó sì bi Abẹ́rẹ́ bóyá ó fẹ́ kí ìgò náà wà níbẹ̀ tàbí kó lọ. Abẹ́rẹ́ ní kó lọ. Ó ní kí wọ́n má ṣe ya bébà ara rẹ̀, kí wọ́n má sì yọ méjì kúrò nínú nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni òun fi gbé e. Bí ó bá tiẹ̀ kú ní karùn-ún, òun ló gbé ìyókù.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó fi ìka yan ọ̀kan nínú igi mẹ́rin náà. Bàbá Onígò gbẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí wọ́n ràn án lọ́wọ́. Ọmọbìnrin wọn, tí wọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀ fún, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Dókítà wà lẹ́yìn díẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú oògùn, wọ́n fi etí búláńkẹ́ẹ̀tì náà wé e, wọ́n rì í. Igi tó kù, Abẹ́rẹ́ kò kí wọn bó ṣe ń kọjá.

Nígbà tí wọ́n délé, ó bọ́ bàtà, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó lọ dúró nídìí maṣíìnì.

“Gbé apá kan,” ó wí fún ọkọ rẹ̀.

“Jẹ́ kí n pe ẹnì kan látìsàlẹ̀. Ọjọ́ orí wa ti—”

“Gbé apá kan.”

Ó gbé apá kan. Abẹ́rẹ́ gbé apá kejì. Irin náà wúwo ju bí wọ́n ṣe rántí rẹ̀ lọ. Wọ́n sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gbé e dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ọmọ wọn fẹ́ bá wọn ti ẹsẹ̀ kan, ìyá rẹ̀ kò sì sọ pé kó má ṣe é. Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sórí rẹ̀. Ibi tí maṣíìnì ti kúrò, àpá ẹsẹ̀ mẹ́rin wà nílẹ̀, ìpẹtà ti mu wọ inú sìmẹ́ńtì.

Abẹ́rẹ́ jókòó sídìí rẹ̀. Ó fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láì tan iná, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó wọlé.

“Ìyá rẹ kú láì gbọ́ pé kì í ṣe irin,” ó wí, kò yíjú.

Bàbá Onígò ká apá aṣọ tirẹ̀ náà sókè. Ó lọ bu omi, ó mú àkísà, ó kúnlẹ̀ ní igun yàrá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àpá mẹ́rin náà. Àpá náà kò lọ.